Kò Sí Ejò Nínú Kòtò Omi Ìyá Dàdá

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ má tíì bú mi. Ọdún mẹ́rin ni ọ̀rọ̀ yìí ti wà níkùn mi. Mò ń sọ ọ́ báyìí nítorí òjò ti fẹ́ dé, Ìyá Dàdá sì ti ra okùn àti korobá tuntun.

Kétu ni mo ń gbé. Tẹlifíṣọ̀n àlòkù láti Kutọnu ni mò ń tà, mo sì ń tún un ṣe. Mo mọ iṣẹ́ mi dáadáa. Tí mo bá ta ọ̀kan, mo máa ń gba owó díẹ̀ lé e. Mo máa ń sọ pé lọ́jọ́ tó bá bàjẹ́ pátápátá, màá wá gbé e lọ fún àwọn tó ń tú u bó ṣe yẹ. Mo gbé wọn lóòótọ́, àmọ́ n kò kó wọn dé ibì kankan. Mo ti ná owó náà.

Lọ́dọ̀ wa, omi inú ilẹ̀ jìn. Kòtò ni àwọn baba wa gbẹ́ sí àgbàlá láti fi gba omi òjò. Ọ̀kan wà lẹ́yìn ilé Ìyá Dàdá, àbúrò bàbá mi obìnrin, tí wọ́n tọ́ mi dàgbà. Ibẹ̀ ni mo da gbogbo ẹ̀ sí, àti rédíò, àti bátìrì. Mo fi páànù bo ẹnu rẹ̀, mo ní mo rí ọká níbẹ̀. Ìyá gbà mí gbọ́. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń ra omi mu, tí wọ́n sì ń ṣàdúrà fún mi pé mo gba àwọn lọ́wọ́ ejò. Háà! Àdúrà yẹn ń ta mí lára.

Lóṣù tó kọjá, wọ́n pe ìpàdé ní mẹ́rì, ilé ìjọba ìlú wa: ta ni kó máa sanwó kíkó ẹ̀rọ tó ti bàjẹ́? Ẹnu mi kì í gbé jẹ́ẹ́. Mo dìde, mo ní, “Ẹni tó tà á ni kó san án! Òun ló jẹ èrè.” Gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́. Ti Ìyá Dàdá ló dún jù.

Bí a ṣe ń lọ sílé, wọ́n ní, “Ọmọ mi, omi rírà ti sú mi. A ó ṣí kòtò yẹn.”

Ẹ jọ̀ọ́, n kò yí ọ̀rọ̀ mi padà. Ẹni tó tà á ni kó san án, èmi ni mo sì tà á. Mo ti ta ọ̀kadà mi láti fi owó rẹ̀ kó ẹrù náà jáde, kí n sì gbẹ́ kòtò mìíràn fún wọn. Ìyẹn kò le. Ẹnu tí màá fi sọ fún wọn ni n kò ní. Ṣé kí n sọ ọ́ níwájú ẹbí, àbí láàárín àwa méjì? Ẹ tètè dá mi lóhùn. Sátidé ni wọ́n ní kí n mú igi wá, kí n wá bá àwọn pa ejò náà.