Àpótí Táyé, Àpótí Kẹ́yìndé

Ọmọ mi ń sùn lórí itan mi nínú bọ́ọ̀sì Iva Valley, tó jìnnà sí ilẹ̀ Yorùbá, ọyẹ́ bo gbogbo òkè, tọkọtaya kan lẹ́yìn mi sì rò pé kò sẹ́lòmíì tó gbọ́ Yorùbá níbẹ̀. Ó yẹ kí n kí wọn, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ mí létí.

“Oyún inú mi ń kọ́? Ẹ ń fi mọ́tò gbé oògùn jẹjẹrẹ onítànṣán yẹn lọ sí ọsibítù, ẹ sì ń wá sùn tì mí.”

“Inú àpótí òjé ló wà. Wọ́n ti dán àpótí náà wò: wọ́n jù ú láti òkè sórí irin, wọ́n sun ún níná, wọ́n rì í sómi. Kò jò.”

“Èyí tí ẹ ń gbé gan-an?”

“Rárá o. Ìyẹn ò ṣeé lò mọ́. Ìkejì rẹ̀ ni tèmi.”

Obìnrin náà wá rọra ní: “Táyé ló lọ tọ́ ayé wò nìyẹn, Kẹ́yìndé sì lẹ ń gbé.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, ìyàwó mi.”

“Ṣùgbọ́n igbe Táyé ni Kẹ́yìndé máa ń gbọ́ kó tó jáde. Ta ló gbọ́ igbe àpótí àkọ́kọ́ yẹn?”

“Ó wà nínú ìwé àyẹ̀wò. Wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i.”

“Ṣé ẹ ti kà á?”

“Mọ́tò ni wọ́n ní kí n máa wà.”

“Ẹ mú ìwé náà wálé lónìí. Èmi á kà á sí ọmọ inú mi yìí létí.”