Àtàǹpàkò Mi Ló Gba Ipò Kìíní Lọ́wọ́ Kàmọ́rù

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi. Ó ti rẹ̀ mí. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi. Mi ò sọ fún ìyàwó mi, mi ò sọ fún ìmáàmù wa. Mo rò pé bó bá pẹ́ màá gbàgbé, ṣùgbọ́n mi ò gbàgbé. Ohun tó jẹ́ kí n máa sọ ọ́ báyìí ni pé iṣẹ́ tí mo fi ṣẹ̀ nígbà náà ni wọ́n tún gbé lé mi lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Mẹkáníìkì ni mí ní Mowe. Ifọ̀ ni mo ti kọ́ṣẹ́, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tí màá pè ní Ọ̀gá Rájí. Kì í ṣe orúkọ wọn nìyẹn, ẹ má bínú. Èèyàn rere ni wọ́n. Nígbà tí bàbá mi kú tí mi ò tíì parí ẹ̀kọ́ṣẹ́, wọn ò lé mi. Ọjọ́ tí mo gba fírídọ̀mù, àpótí irinṣẹ́ tiwọn gan-an ni wọ́n gbé fún mi.

Nígbà tí àwa tí a fẹ́ràn mọ́tò dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, Ọ̀gá Rájí ni àgbà wa. Pápá kan wà ní Ìbafọ̀ tí wọ́n da yẹ̀pẹ̀ sí, wọ́n ní àwọn fẹ́ kọ́ ẹ̀sìtéètì, wọn ò sì kọ́ ọ. Ibẹ̀ la ti ń ṣeré. A ó to táyà àlòkù káàkiri, mọ́tò kan ṣoṣo á wọlé, awakọ̀ á máa yí láàárín àwọn táyà títí á fi dé ìlà ìparí. Lẹ́yìn náà ni ẹlòmíì á tó wọlé. Ẹni tó bá yára jù tí kò gbá táyà kankan ló borí. Nítorí náà, aago ni gbogbo wa ń bá jà. Èmi ni wọ́n sì fún ní aago àfọwọ́tẹ̀ náà mú, wọ́n ní mi ò kì í ṣojúsàájú.

Ọ̀rẹ́ mi kan wà, ẹ jẹ́ kí n pè é ní Kàmọ́rù. Ìkirun ló ti wá, yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi. Panẹ́bítà ni. Ó ra mọ́tò ìjàpá kan tó ti dípẹtà, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún un ṣe títí ó fi ń dán. Bó bá ti wọ kọ́nà láàárín àwọn táyà yẹn, ariwo á sọ. Síbẹ̀, Ọ̀gá Rájí ló máa ń ṣe kìíní, Kàmọ́rù á ṣe ìkejì. Bẹ́ẹ̀ ló ń rí ní gbogbo ìgbà, ìyàtọ̀ wọn kì í sì ju kí èèyàn ṣẹ́jú lọ.

Lọ́dún kan, ọkùnrin ará Èkó kan tó ń ta mọ́tò tokunbọ̀ sọ pé ẹni tó bá ṣe kìíní níparí ọdún, ọwọ́ rẹ̀ ni òun máa kó gbogbo iṣẹ́ mọ́tò òun lé. Ó tún yá wa ní ẹ̀rọ kan tó ń fi iná ka àkókò. Òpó kékeré méjì ni, iná wà láàárín wọn tí ojú kì í rí. Bí mọ́tò bá ti gé iná náà kọjá, aago á dúró fúnra rẹ̀. Alága wa ní kí n gbé e yẹ̀ wò, kí n sọ fún ẹgbẹ́ èyí tó yẹ ká yàn, ẹ̀rọ náà tàbí aago ọwọ́ mi.

A dán an wò ní ọjọ́ Sátidé kan. Èmi nìkan ló jókòó ti àpótí tí nọ́ńbà ń jáde lára rẹ̀, mo sì mú aago mi dání. Ọ̀gá Rájí wakọ̀, Kàmọ́rù wakọ̀. Aago ọwọ́ mi ní Ọ̀gá ló yára jù. Ẹ̀rọ ní Kàmọ́rù ni. Mo ní kí wọ́n tún un wà. Ẹ̀rọ tún ní Kàmọ́rù ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́, ìgbà yẹn ni mo tó mọ ohun tí mo ti ń ṣe. Nígbà tí mo wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tó bá dúró dìgbà tí Ọ̀gá fun fèrè kó tó ṣí géètì, olúwa rẹ̀ gbé. Bí a bá ti gbọ́ ìró mọ́tò wọn lọ́ọ̀ọ́kán, géètì ti ṣí. Ara mi ò tíì fi í sílẹ̀. Bí Ọ̀gá bá ń bọ̀ lórí pápá, àtàǹpàkò mi á ti tẹ aago kí imú mọ́tò wọn tó kan ìlà. Bó bá jẹ́ Kàmọ́rù, màá dúró kó kọjá tán. Mi ò gbèrò rẹ̀. Mo fi Ọlọ́run búra, títí di ọjọ́ yẹn, mi ò gbèrò rẹ̀.

Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn ìyẹn ni mo gbèrò. Mo tẹ bọ́tìnì tó ń pa nọ́ńbà rẹ́. Mo wo Ọ̀gá tí wọ́n ń nu iwájú orí, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí mi. Mo dìde, mo sọ fún gbogbo ẹgbẹ́ pé ẹ̀rọ yẹn ò dáa, pé oòrùn máa ń dà á lórí rú, ká máa lo aago ọwọ́ wa lọ. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Níparí ọdún, mo tẹ aago fún Ọ̀gá bí mo ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí mo mọ̀. Iṣẹ́ ará Èkó bọ́ sí wọn lọ́wọ́, ṣọ́ọ̀bù wọn sì di ńlá.

Kàmọ́rù ò bínú. Ó kàn ń wá ibi tí òun ti ń pẹ́. Ó yọ àga ẹ̀yìn mọ́tò rẹ̀, ó yọ ilẹ̀kùn kan, ó ní ó wúwo jù. Ó ń sáré wọ kọ́nà ju bó ṣe yẹ lọ, ó ń wá ìṣẹ́jú àáyá tí kò sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ojú mi ni mọ́tò náà ṣe gbókìtì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́ níbi méjì. Ó pẹ́ lọ́dọ̀ oníṣègùn eegun kan ní Ọ̀fàdà, èmi ni mo máa ń gbé oúnjẹ lọ fún un. Ó ń tiro di òní. Kò lè dúró ti iṣẹ́ panẹ́bítà pẹ́ mọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹgbẹ́ pèpàdé. Wọ́n ní ẹ̀rọ oníná ti pọ̀ báyìí, ṣé ká ra ọ̀kan, kí èmi yẹ̀ ẹ́ wò. Kí n tó lanu, Kàmọ́rù dìde pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀.

Ó ní, “Ẹ̀yin bọ̀dá, ẹ má wéèsì owó yín. Oòrùn ò ní jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Ọ̀rẹ́ mi yìí ti tẹ́ẹ̀sì ẹ̀ nígbà yẹn, kì í purọ́.”

Mi ò lè gbójú sókè. Nígbà tí a ń lọ sílé, ó dúró kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè sinmi. Ó ní, “Bọ̀bọ́, mo fẹ́ bi ẹ́ ní nǹkan kan. Ìwọ lo wà nídìí aago. Ṣé mo tiẹ̀ sún mọ́ Ọ̀gá rárá, àbí mo kàn ń tan ara mi jẹ ni?”

Mo ní, “O sún mọ́ wọn gan-an.”

Inú rẹ̀ dùn. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, kí ni kí n ṣe? Ọ̀gá Rájí ti darúgbó, àwọn ife ẹ̀yẹ yẹn ni wọ́n máa ń fi han àlejò, wọn ò sì mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ yìí. Bí mo bá sọ ọ́, mo ti dójú ti ẹni tó sọ mí di èèyàn. Bí mi ò bá sọ ọ́, ọ̀rẹ́ mi á kú pẹ̀lú èrò pé òun ò mọ mọ́tò wà tó. Bó bá bú mi, màá gbà á. Bó bá nà mí, màá gbà á. Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé ó lè máà sọ nǹkan kan, kó kàn wo ẹsẹ̀ rẹ̀, kó sì tún wo ojú mi.