Mi Ò Wa Mọ́tò Rí, Èmi Ni Wọ́n Ń Bú

Rárá o, Bàbá Ephraim, ẹ má sọ pé kí n jókòó, mi ò jókòó, ìjókòó ló kó bá mi! Ẹ pa rédíò yẹn ná, ẹ gbọ́ tèmi. Ẹ̀yin lẹ nilé tí à ń gbé, ẹ̀yin náà lẹ wa tírélà ní Wáàfù fún ọgbọ̀n ọdún, bí mi ò bá ké sí yín, ta ni kí n ké sí? Ẹ wò mí dáadáa. Èmi Ṣìkẹ́mi, tíṣà àwọn ọmọ kéékèèké, ṣé ẹ ti rí mi nídìí sítíárìn rí? Ẹ ò rí mi rí! Kí ló wá dé tí wọ́n fi ń pè mí ní wèrè dírẹ́bà láti Olódì títí dé Kírikírì?

Jíìpù yìí ni! Jíìpù kékeré tó dúró sínú ọgbà yín yìí, tó ń ṣe bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Ẹ rántí ọjọ́ tí ọkọ mi, Bàbá Ṣayọ̀, gbé e dé láti Wáàfù, tí wọ́n ń yọ̀ bí ọmọdé… wọ́n kẹ̀? Mi ò pè é ní "wọ́n" lónìí, ó ń yọ̀ ni mo wí! Obiora, ẹni tó bá a gbé e jáde ní pọ́ọ̀tù, sọ fún un níṣojú mi, ó ní, "Oga, this one na right-hand o. Carry am go mechanic make dem change the hand." Apá ọ̀tún ni sítíárìn ẹ̀ wà, Bàbá, bí wọ́n ṣe ń lò ó nílùú tó ti wá. Ọkọ mi ní láéláé, pé kò sí mẹkáníìkì tó máa tú oríjínà òun. Oríjínà! Ló bá gbé èmi jókòó sápá òsì, níbi tí gbogbo dírẹ́bà Nàìjíríà ń jókòó, ó ní kí n máa bá òun wo ọ̀nà, torí bí tírélà bá ti wà níwájú ẹ̀, ìdí tírélà nìkan ló ń rí.

Ẹ jẹ́ n sòótọ́ o, kí Ọlọ́run má bàa bínú sí mi. Jíìpù náà ò burú. Lásìkò òjò, tí omi bá kún Bọ́ńdárì dé orúnkún, tí mọ́tò àwọn ọlọ́lá ń kú sínú omi, òun á kàn là á kọjá ni, fùú! Bẹ́ẹ̀ ni kì í mu epo púpọ̀. Àmọ́ ilẹ̀kùn méjì péré ló ní, kí ẹni tó ń lọ sẹ́yìn tó wọlé, àfi kí n sọ̀ kalẹ̀, kí n ká àga mi síwájú. Màmá mi gbìyànjú ẹ̀ lọ́jọ́sí, gèlè wọlé, ìdí ò wọlé, ó kù díẹ̀ ká lọ pe kíréènì wá láti Wáàfù. Tó bá dẹ̀ kó sí gálọ́ọ̀pù, orí mi á kan òrùlé, eyín mi á gba ara wọn létí.

Gbogbo ìyẹn ò dùn mí, Bàbá. Èébú ló ń dùn mí! Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè kan, mo ṣí Bíbélì lé itan, mò ń fi ẹ̀kọ́ tí mo máa kà níbi ìkórè àwọn ìyá dánra wò. Yẹ́lò-fífà kan tó ń darí mọ́tò bẹ́ sójú títì níwájú wa, ó ní, "Madam! You dey read Bible dey drive? You wan carry all of us go meet Jesus?" Mo na ọwọ́ mi méjèèjì sókè kó lè rí i pé kò sí sítíárìn lọ́wọ́ mi. Háà! Ó tún wá lọgun ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó ní mo ti ju sítíárìn sílẹ̀! Ọkọ mi wá yọrí láti apá ọ̀hún, ọkọ tí mo fẹ́ níṣojú Ọlọ́run, ó ní, "Oga, abeg, no vex, na woman." Ó ń bá mi bẹ̀bẹ̀ o! Ẹ̀ṣẹ̀ tí mi ò ṣẹ̀!

Mo gbé ìyẹn mì. Ti Sọ́ńdè tó kọjá yìí ni mi ò lè gbé mì. Òjò ti rọ̀, à ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tírélà kan ń fà bí ìgbín níwájú wa. Ọkọ mi ní, "Ìyá Ṣayọ̀, ṣé kí n lọ?" Mo rí táńkà tó ń bọ̀, mo pariwo, mo ní, "Má lọ!" Ẹ gbọ́ bí mo ṣe pè é, Bàbá. Má. Lọ. Ó ní "máa lọ" lòun gbọ́! Ó tẹná! Táńkà fọn fèrè pàà, mo pe Jésù, ó já ọwọ́ padà sọ́tùn-ún, a kó sínú kòtò omi, omi náà dìde bí ògiri, orí Màmá Harriet ló sì dà sí. Ìyá ìjọ wa, nínú léèsì funfun báláú, láti orí fìlà dé àtẹ́lẹsẹ̀! Ṣé ọkọ mi dúró? Kò dúró. Ó ní kí ìsìn má bàa bẹ̀rẹ̀ láìsí àwa.

Lẹ́yìn ìsìn, Màmá Harriet pè mí síta láàárín gbogbo obìnrin. Ó ní, "Ṣìkẹ́mi, ìwọ lo fi ẹrọ̀fọ̀ wẹ̀ mí. Mo rí ẹ kedere, ìwọ lo jókòó sáyè dírẹ́bà. Ọkọ ẹ gan-an ṣe mí láàánú, mo rí i bó ṣe di mọ́tò mú gírígírí nítorí ẹ̀mí ẹ̀." Ó di mọ́tò mú! Bàbá, sítíárìn ló dì mú! Wọ́n gba ẹ̀kọ́ kíkà lọ́wọ́ mi lójú ẹsẹ̀, wọ́n gbé e fún Rita. Rita! Rita tó jẹ́ pé tó bá kan Nebukadinésárì nínú Bíbélì, á fò ó bí ẹni fo gọ́tà. Odindi oṣù méjì ni mo ti ń múra sílẹ̀, mo ti rán aṣọ, mo ti sọ fún màmá mi pé kó wá gbọ́ mi.

Mo wo ọkọ mi. Ó ń bọ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Màmá Harriet, mo ní ẹ ṣeun Olúwa, òótọ́ dé. Ẹ mọ ohun tó wí? Ó ní, "Màmá, ẹ foríjì í, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ mọ́tò ni."

Ẹ̀n-ẹ́n? Ẹ ń rẹ́rìn-ín? Ẹ má fọwọ́ bo ẹnu, èjìká yín ń mì, mo rí i! Nígbà tí a délé, ó ní wọ́n fẹ́ fi òun ṣe alága ẹgbẹ́ ọkùnrin, kò dáa kí wọ́n gbọ́ pé òun ló bomi lu ìyá ìjọ. Èmi wá ni kí wọ́n gbọ́ pé ó ṣe é? Kí n fọwọ́ wọ́nú kẹ̀? Bàbá, inú ti kún, kò sáyè ọwọ́ mọ́!

Kò burú. Ó ní mò ń kọ́ ọ, àbí? Kọ́kọ́rọ́ nìyí. Mo yọ ọ́ lábẹ́ ìrọ̀rí ẹ̀ láàárọ̀ yìí, ó ti fẹsẹ̀ rìn lọ sípàdé àwọn alága ẹ̀. Ẹ wọ bàtà, ẹ jẹ́ ká lọ, ẹ kọ́ mi. Ẹ̀yin lẹ máa jókòó sápá òsì, kí wọ́n bú ẹ̀yin náà díẹ̀, kẹ́ ẹ mọ bó ṣe ń rí. Ẹ dìde jàre! Torí mo fi Ọlọ́run tó dá mi búra, lọ́jọ́ tí ẹrọ̀fọ̀ bá tún kan Màmá Harriet, èmi gan-an ni mo máa ta á sí i lára.