Mo sọ fún Ọlọ́run pé inú Rẹ̀ ń bí mi

Ògo ni fún Ọlọ́run tí kì í lé ẹlẹ́kún sẹ́yìn! Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ bá mi gbé E ga. Mi ò mọ̀wé. Àdùkẹ́, ọmọ ọmọ mi, ló ń bá mi kọ ẹ̀rí yìí, òun náà ni yóò kà á fún yín. Mo ti kìlọ̀ fún un kó má bù mọ́ ọn.

Bàbá ẹ̀ ni àkọ́bí mi. Abọ́ tánganran la jọ ń tà ní Bouaké níbí, nílẹ̀ Ivory Coast. Bí ọjà Béoumi, ìlú kejì sí wa, bá pé, òun ló máa ń kó ẹrù lọ. Ó lọ lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ tó wọ̀ dojú dé. Béoumi náà ni wọ́n sin ín sí. Ẹ mọ àṣà wa, òbí kì í dé ìdí sàréè ọmọ. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà níbí yí mi ká. "Ìyá, ẹ mọ́kàn. Ẹ má sunkún jù, nítorí àwọn tó kù." Mo gbọ́ràn. Mo gbé omijé mì.

Mo padà sí ìsọ̀. Oníbàárà á fi èdè Jùlá bi mí bóyá ara le, èmi á ní, "Tọọrọ tẹ," ìyẹn ni pé kò sí wàhálà. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo èèyàn ń dáhùn níbí, bí ilé wọn tilẹ̀ ń jó. Àṣìṣe mi ni pé mo gbé e wọnú àdúrà. Màá kúnlẹ̀: "Baba, mo dúpẹ́, kò sí wàhálà." Màá dìde. Ẹ̀yin náà ní kí n máa ṣáájú àdúrà ọpẹ́, mo sì ń ṣáájú ẹ̀, inú mi le bí òkúta.

Oúnjẹ bá kọ̀. Òkèlè ò lọ mọ́. Aṣọ ń bọ́ lára mi. Dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ó ya fọ́tò ọ̀fun. Ó fi Faransé sọ fún Àdùkẹ́ pé, "Mi ò rí nǹkan kan lọ́fun màmá. Ṣùgbọ́n bí wọn ò bá jẹun, a máa pàdánù wọn. Bi wọ́n léèrè, kí ló ń dùn wọ́n?"

Àdùkẹ́ túmọ̀ ẹ̀ fún mi. Mo ní, "Kò sí."

Àdùkẹ́ wò mí. Kò túmọ̀ ìyẹn fún dókítà.

A délé lọ́sàn-án, ó gbé fùtú, iyán àwọn ará ibí, kalẹ̀, mo ní kó gbàdúrà sí i. Ó dijú. "Ọlọ́run, O mú bàbá mi lọ. Ìyá àgbà náà tún ń lọ. Ohun tí Ò ń ṣe fún mi yìí ò dáa."

Mo gbọ́wọ́ sókè kí n gbá a létí. "Ṣé Ọlọ́run lò ń bá sọ̀rọ̀ báyẹn?"

"Ìyá àgbà, ta ni kí n wá sọ ọ́ fún? Ẹ̀yin kì í dárúkọ bàbá mi."

Mo sọ ọwọ́ kalẹ̀. Òótọ́ ni. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo fùtú. "Baba, wàhálà wà. Inú Rẹ ń bí mi. Ọmọ ló yẹ kó sin mí. Mi ò rí ojú ẹ̀, mi ò rí sàréè ẹ̀. Oyèníyì ọmọ mi. Oyèníyì." Mo ké bí ọmọdé. Mo ń retí kí Ọlọ́run bínú. Kò bínú. Ó dà bí ìgbà tí ìyá èèyàn wá jókòó tì í.

Fùtú ti tutù kí n tó bù ú. Òkèlè kan lọ. Èkejì lọ. Baba, mo dúpẹ́. Ọpẹ́ yìí kì í ṣe ti ọjà.

Mi ò ní parọ́ níwájú ìjọ. Ọmọ mi ò jí. Ó dùn mí láàárọ̀ yìí bí mo ṣe ń wé gèlè. Ṣùgbọ́n mò ń jẹun, mò ń sùn, dókítà wọ̀n mí, ó rẹ́rìn-ín. Ìwọ tí ò ń dúpẹ́ lẹ́nu, tí ọ̀fun rẹ dí, lọ sọ ọ́ fún Un bó ṣe rí. Kò ní lé ọ.

Àdùkẹ́ ní ìwé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Kọ eléyìí sí i, ọmọ mi, kọ ọ́ gàdàgbà kí gbogbo wọn rí i: Oyèníyì lorúkọ bàbá rẹ. Nígbà tó o bá kà á débẹ̀, má sáré kọjá.