Wọ́n Ń Pa Ara Wọn Lẹ́nu Mọ́

Mo ń dúró de fóònù mi ní ṣọ́ọ̀bù obìnrin kan tó ń tún rédíò àti fóònù ṣe ní Ẹ̀rúnmú, ni bàbá aláṣọ funfun kan bá gbé sípíkà ṣọ́ọ̀ṣì wọn méjì dé tìbínú-tìbínú.

“Ọ̀kan ń dún dáadáa. Mo ra ìkejì kún un, báàsì, ohùn tó máa ń rinlẹ̀ yẹn, ò dún mọ́! Ayédèrú ni wọ́n tà fún mi.”

Obìnrin náà wo ẹ̀yìn wọn. “Bàbá, wáyà èyí tuntun yìí lẹ fi sódì. Bí ọ̀kan bá ń ti afẹ́fẹ́ síwájú, èkejì á máa fà á sẹ́yìn. Wọn ò dákẹ́ o, wọ́n ń pa ara wọn lẹ́nu mọ́ ni.”

Bàbá pàtẹ́wọ́. “Abájọ! Bí èmi àti ìyàwó mi bá jọ ń bá àwọn ọmọ wí, wọn kì í gbọ́ nǹkan kan. Nínú àwa méjèèjì, ta ni ká wá yí wáyà tiẹ̀ padà báyìí?”