Ìwé Ọkọ Mi Tó Bá Dùùrù Lọ

Ó di oṣù mẹ́rin báyìí tí ọkọ mi ti kú. Gbogbo ẹni tó bá wá kí mi ló ń sọ pé kí n má sunkún mọ́, pé baba gbó, wọ́n tọ́, wọ́n sì fi ọmọ sáyé lọ. Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo sì ń nu ojú mi. Wọn ò mọ̀ pé ẹkún ọkọ nìkan kọ́ ni mò ń sun. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, ta ló mọ èyí tí inú ń run? Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ má tíì dá mi lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, títí kan àwọn ọmọ tí mo bí.

Accra ni mo ti lọ́kọ, Kokomlemle la sì ń gbé. Tíṣà ni ọkọ mi, òun náà ló ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ń gbé lọ́dọ̀ wa. Ìbàdíàrán ni mo máa ń pè é, torí ìyàwó ilé kì í pe ọmọ ọkọ rẹ̀ lórúkọ. Ìyá kan, baba kan ló bí wọn, ọkọ mi ló sì tọ́ ọ dàgbà nígbà tí ìyá wọn kú. Ìbàdíàrán fẹ́ràn mi gan-an. Òun ló ń bá mi gbé igbá aṣọ lọ sí ọjà Odawna, òun náà ló sì ń gbèjà mi bí àwọn ẹbí bá ń sọ pé ọdún kẹrin rèé, n kò tíì lóyún. Wọ́n ti ń wá ìyàwó míì fún ọkọ mi nílé. Mo mọ̀, mo kàn ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ni.

Lọ́dún náà, ọkọ mi ra dùùrù oníná tuntun ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Circle. Inú rẹ̀ dùn bíi ti ọmọ tó wọ aṣọ ọdún! Gíláàsì pẹlẹbẹ kan wà lójú dùùrù náà tí iná ń tàn nínú rẹ̀, èyí tó ń fi irú ohùn téèyàn yàn hàn. Ìwé pẹlẹbẹ tó bá a wá wà nínú ọ̀rá tó nípọn, omi ò lè wọ ibẹ̀. Ọ̀rá yìí ló kó bá mi. Ọkọ mi ní ìwé àṣẹ ìjọba tó fún un láyè láti máa gbé kó sì máa ṣiṣẹ́ ní Gánà. Ọ̀pọ̀ nínú àwa ọmọ Nàìjíríà tó wà níbẹ̀ kò ní irú rẹ̀. Ó ti kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Àmọ́ lọ́jọ́ kan tí kò sí nílé, òjò jò sórí àpótí rẹ̀. Mo yọ ìwé náà, mo nù ún gbẹ, mo sì kì í bọ inú ọ̀rá yẹn. Mo ní bó bá dé, màá sọ fún un. Mo gbàgbé.

Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí iná gíláàsì náà fi kú. Ohùn ń jáde, ṣùgbọ́n èèyàn ò mọ èyí tó máa jáde mọ́. Ọkọ mi á jókòó ti orin ìyìn, fèrè á sì já lù ú láàárín ẹsẹ kejì. Ó bínú lọ sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní kó dá a padà bó ṣe wá, pẹ̀lú páálí àti gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, kí wọ́n lè fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ṣe é. Èmi ni mo dì í. Ọwọ́ ara mi ni mo fi gbé ọ̀rá náà sínú páálí.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà la gbọ́ ọ lórí rédíò pé àlejò tí kò bá níwèé gbọ́dọ̀ kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ará ilé wa ń sunkún, wọ́n ń di ẹrù. Ọkọ mi ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, èmi níwèé." Ó ṣí àpótí. Ibẹ̀ ni mo ti rántí pé inú ọ̀rá dùùrù ni mo fi ìwé náà sí.

Mo dọ́gbọ́n jáde, mo sáré lọ sí Circle. Akọ̀wé ṣọ́ọ̀bù náà ò tilẹ̀ wo ojú mi. Ó ní, "Màámì Alata, akɔ dada." Alata ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀; ó ní dùùrù náà ti lọ, ó ti dé èbúté Tema. Mo ń rìn padà lọ sílé, mo ń sọ ọ́ lọ́kàn pé bí mo bá ti wọlé, màá kúnlẹ̀, màá jẹ́wọ́.

Nígbà tí mo dé, ọkọ mi ti ń lu àbúrò rẹ̀. Rájí, télọ̀ kan ní Odawna, ló ń fẹ́ Ìbàdíàrán, ọkọ mi ò sì fọwọ́ sí i. Rájí ò níwèé. Ọkọ mi ní Ìbàdíàrán ló jí ìwé òun fún un, pé wọ́n á ti pa orúkọ òun rẹ́. Ìbàdíàrán ní, "Bùrọ̀dá, mo fi ìyá wa tó wà ní sàréè búra, mi ò fọwọ́ kàn án." Ó wá yíjú sí mi. "Ìyàwó wa, bá mi bẹ Bùrọ̀dá."

Kí ni mo sọ? Mo ní, "Ẹ ṣe sùúrù." Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí mò ń rò ni pé ọmọ ìyá ni wọ́n, bó pẹ́ bó yá, wọ́n á parí rẹ̀. Èmi àgàn tó ba iṣẹ́ ọkọ jẹ́, ṣé wọn ò ní dá mi padà sílé baba mi? Ìyàwó ni wọ́n ń lé, wọn kì í lé ọmọ ìyá. Èrò mi nìyẹn. Mo ṣìnà pátápátá.

Ọkọ mi lé e jáde lọ́jọ́ náà. Ọkọ mi lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe ìwé láti gba òmíràn, èrò ò jẹ́ kó rí ẹnu ọ̀nà, la bá gun lọ́rì padà sí Nàìjíríà pẹ̀lú ẹrù díẹ̀. Rájí àti Ìbàdíàrán náà gun lọ́rì, èyí tó yẹ kó fi hàn pé Rájí ò níwèé lọ́wọ́. Ọkọ mi ní ẹ̀rù ló bà wọ́n tí wọ́n fi fà á ya. Láti ọjọ́ náà kò pe orúkọ àbúrò rẹ̀ mọ́, kò sì tẹ dùùrù mọ́. Ọdún kejì tí a délé ni mo lóyún àkọ́bí. Ìbàdíàrán fi ẹrù ìkómọ ránṣẹ́, ọkọ mi dá a padà lójú mi. Ó tún kìlọ̀ kó tó kú pé Ìbàdíàrán kò gbọ́dọ̀ dé ibi ìsìnkú òun. Kò sì wá.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló ránṣẹ́ sí mi. Ó ní òun fẹ́ wá kúnlẹ̀ níbi sàréè ẹ̀gbọ́n òun láti tọrọ àforíjì. Ó ní òun ò jí ìwé, ṣùgbọ́n ó ní láti jẹ́ pé òun ṣẹ̀ ẹ́ níbì kan, torí Bùrọ̀dá òun kì í ṣe ìkà. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a, temi sì ti lé ní ogún ọdún. Ọjọ́ Sátidé ló ń bọ̀, ọ̀dọ̀ mi ló máa sùn. Ṣé kí n sọ ọ́ lójú àwọn ọmọ mi, kí wọ́n mọ irú ìyá tí wọ́n ní? Àbí kí n dákẹ́, kí n máa wò ó bó ṣe ń bẹ òkú nítorí ẹ̀ṣẹ̀ mi? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí Sátidé tó pé. Ẹni tó wá jíṣẹ́ fún mi ní orúnkún ń dun Ìbàdíàrán, bó bá ti kúnlẹ̀, kì í lè dá dìde mọ́.