Lẹ́tà Semisi Tí Mo Búra Pé Mo Kà

Bí mo bá tún pa ẹnu mọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí, yóò jẹrà mọ́ mi nínú. Angus Tranter lorúkọ mi. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí ní Canberra, ní Australia. Èmi ni mò ń pinnu àjèjì tí yóò dúró àti èyí tí yóò padà sílé. Láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn àdììtú, iṣẹ́ náà sì dà bí àdììtú lójú mi: báwo ni mo ṣe lè kọ ìpinnu tí kóòtù kò ní rí tú? Adájọ́ tiwa kì í bèèrè bóyá ìpinnu dára. Bóyá a tẹ̀lé òfin ló ń wò, bóyá a ka ohun tí wọ́n kọ sí wa. Maëlle tá a jọ ń ṣiṣẹ́, ọmọ Nouméa, níbi tí wọ́n ti ń lo òfin Faransé, a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Ọ̀gbẹ́ni Kò-ṣeé-tú! Lọ́dọ̀ tiwa, adájọ́ fúnra rẹ̀ á ní kí o gbé fáìlì wá, á tú u yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́. Orí rẹ ló bá ọ ṣe é." Èmi a rẹ́rìn-ín. Òmùgọ̀ ń rẹ́rìn-ín!

Lupe Havea wá láti Tonga. Àbúrò rẹ̀, Semisi, tó ń ṣiṣẹ́ níbí, já bọ́ láti orí òrùlé tó ń kàn. Ẹnu nìkan ló ṣẹ́ kù tó ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀. Lupe fẹ́ dúró tọ́jú rẹ̀. Semisi ń sọ, pásítọ̀ wọn ń kọ, ni wọ́n fi kọ lẹ́tà ránṣẹ́ sí wa ní èdè Tonga. Ká tó rí ògbufọ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Fáìlì náà ti sú mi. Mo ki lẹ́tà náà bọ ẹ̀yìn fáìlì láìní kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀, mo wá lẹ gbólóhùn tí gbogbo wa ń tọ́jú sínú kọ̀ǹpútà mọ́ ìpinnu mi: "Mo ti gbé gbogbo ìwé inú fáìlì yẹ̀ wò." Mo kọ̀ fún un.

Lupe lọ sí kóòtù láìní lọ́yà. Ó ní, "Wọn ò ka lẹ́tà wa." Lọ́yà ìjọba fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: "Angus, o kà á àbí o ò kà á?"

"Mo ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo kà á."

"Ó dáa. Búra sí i."

Mo búra. Mo fọwọ́ sí i. Ohun tí mo ṣe nìyẹn.

Adájọ́ mí kanlẹ̀. "Ká ní èmi ni mo wà nípò òṣìṣẹ́ yìí, bóyá ǹ bá ti gbà fún un. Àmọ́ iṣẹ́ mi kọ́ nìyẹn. Mi ò rí ibi tó ti rú òfin." Inú bí mi sí i gidi gan-an! Kí ló dé tí kò ní kí n gbé fáìlì wá? Èmi olè, mò ń bú onílé pé kò tilẹ̀kùn.

Níta, Lupe di ọwọ́ mi mú. "Ọmọ mi, ṣé lóòótọ́ lo kà á?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Dé ìparí?"

"Dé ìparí."

Ojú rẹ̀ rọ̀. "A jẹ́ pé o gbọ́ ohùn Semisi, o kàn kọ̀ ni. O ṣeun tó o gbọ́." Lọ́sẹ̀ kejì, ó padà sí Tonga.

Ọpẹ́ rẹ̀ yẹn kò jẹ́ kí n sinmi. Lóṣù tó kọjá ni mo tó yọ lẹ́tà náà jáde, mo sì gbé e fún ògbufọ̀. Ìparí rẹ̀ lọ báyìí: "Ìwọ tó ń kà á, bí ibì kan ò bá yé ọ, pè mí. Nọ́ńbà mi nìyí. Ọwọ́ mi ti kú, ẹnu mi ṣì ń pariwo."

Mo pè é. Ilé àwọn aláìlera ló ti dá mi lóhùn. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Èmi kọ́ lo búra fún. Lọ sọ fún adájọ́."

Adájọ́ náà ni mo kọ ìwé yìí sí, pẹ̀lú lẹ́tà Semisi. Lupe, mà, ẹ dárí jì mí, bí ó bá ṣeé ṣe. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń bọ̀ lórí àga mi, ohun tí ẹ ò bá kà, ẹ kọ ọ́ pé ẹ ò kà á. Àṣìṣe tó hàn, kóòtù lè tún un ṣe. Àmọ́ irọ́ tí mo búra lé lórí, kóòtù ti sọ ọ́ di ìdájọ́.